Ìlà Mẹ́rin Aláwọ̀ Eérú Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ má wulẹ̀ wá mi kiri Ọ̀tà, ẹ ò ní rí mi. Àdìzát tí mo fi pe ara mi níhìn-ín, orúkọ tí ìyá bàbá mi máa ń pè mí ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun yòókù ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ bú mi, inú ò ní bí mi. Mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ olómi àti omi ìfọlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà. Èmi kọ́ ni mò ń po ọṣẹ o. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ni mo wà. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀: èmi, Brọ̀dá Sirajudeen tó kọ́ mi níṣẹ́, àti Ọ̀gá Ṣọládé tí í ṣe máníjà wa.

Iṣẹ́ wa tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé ìpò, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa po ọṣẹ. Láràárọ̀, ẹ̀rọ kan ní yàrá ìpò máa ń tẹ ìwé jáde, tí yóò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ohun tí wọ́n máa dà sínú àgbá: èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ dà, èyí tó máa tẹ̀ lé e, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Òfin yàrá náà ò lọ́jú pọ̀. Ohun tí ìwé bá sọ ni kí o ṣe, má fi ọgbọ́n orí tìrẹ kún un. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri níbẹ̀.

Fáìlì tó ń tẹ ìwé yìí jáde, èdè kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà pọ̀ nínú rẹ̀. Ètò tí a fi ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ́dítọ̀ là ń pè é, máa ń fi àwọ̀ kun ọ̀rọ̀ kí ojú lè tètè dá wọn mọ̀. Àṣẹ á jẹ́ búlúù. Ibi tó bá bàjẹ́ á pọ́n. Èyí tí a bá kọ fún ara wa lásán, tí kọ̀ǹpútà kì í kà, á ní àwọ̀ eérú.

Tó bá jẹ́ èdè kan ṣoṣo ló wà nínú fáìlì, àwọ̀ náà máa ń tọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí mẹ́rin bá ti wọnú ara wọn báyìí, ẹ́dítọ̀ kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dára, á kùn ún ní pupa. Ohun tó ń ṣiṣẹ́, á kùn ún ní eérú bíi pé ó ti kú. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í wo àwọ̀ rárá. Àwa ènìyàn tó jókòó síwájú rẹ̀ nìkan là ń wò ó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí fáìlì yẹn, àyà mi já.

"Brọ̀dá Sira, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sóhun tó bàjẹ́. Editor ló ń parọ́. Má gba àwọ̀ gbọ́ nínú fáìlì yìí, Àdìzát. Ọ̀rọ̀ ni kó o máa kà."

Mo gbọ́ ọ, ó sì yé mi. N kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi.

Ẹni tí kò yé ni Ọ̀gá Ṣọládé. Wọn ò mọ èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní kóòdù kọ, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á rọra wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á ká ọwọ́ gbera, wọ́n á máa ka pupa.

"Àdìzát, pupa yìí mà pọ̀."

"Editor ni, sà. Ó ń ṣi àwọ̀ kùn ni."

"Hmm. Èyí tó kù náà ńkọ́, òun náà ń ṣi àwọ̀ kùn?"

Kí ẹ má bàa rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, nígbà tí wọ́n máa kọ ìròyìn nípa iṣẹ́ mi lọ sókè, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà mi kì í mọ́. Èmi àti Brọ̀dá Sira rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn tí a rẹ́rìn-ín tán ni mo wá ronú pé orí ìròyìn yẹn ni lẹ́tà mi dúró lé. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti wà lórí ìdánwò, mò ń retí lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn di òṣìṣẹ́ gidi. Màmá mi ti sọ fún gbogbo ará àdúgbò wa ní Ìjù pé ọmọ òun ti di ọ̀gá.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Nílé-iṣẹ́ wa, kò sí ohun tí ẹnì kan lè yí padà nínú kóòdù kó sì lọ tààrà sí yàrá ìpò. Ẹnì kejì gbọ́dọ̀ kà á, kó sì fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ gbà á wọlé. Ojú kejì là ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ojú kejì ló ń ru ẹ̀bi, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó wà lórí ìdánwò ló ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbà pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣàṣìṣe, iṣẹ́ ojú kejì sì ni láti rí i.

Ojú kejì mi ni Brọ̀dá Sira. Ní ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti di aago kan, òun àti àwọn ọkùnrin Mùsùlùmí tó kù máa ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn géètì, wọn kì í padà ṣáájú aago méjì ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi fún mi ní páswọ́ọ̀dù rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ nǹkan kékeré tó ń kánjú, fi orúkọ mi gbà á wọlé," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé, kó o sọ fún mi kí n kà á."

Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì sì mọ̀. Oṣù mẹ́fà la fi ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni mo máa ń sọ fún un, gbogbo ìgbà ló sì máa ń jókòó kà á.

Ní Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, àwọn àlejò ń bọ̀ láti Agbára, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ wa wà. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun ni Ọ̀gá Ṣọládé wọlé wá bá mi.

"Àwọn àlejò máa dé ní two-thirty. Wọ́n fẹ́ wo fáìlì ìwé ìpò lórí screen ńlá. Mi ò fẹ́ rí pupa kankan níbẹ̀."

"Sà, mo ti ṣàlàyé fún yín pé kì í ṣe..."

"Àdìzát." Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Lẹ́tà ẹ wà lórí tábìlì mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí."

Wọ́n jáde lọ sí géètì láti pàdé àwọn àlejò. Brọ̀dá Sira ti lọ. Èmi ò kírun lọ́jọ́ yẹn, mo wà nínú ọjọ́ tí obìnrin kì í kírun. Ó wá ku èmi nìkan nínú ọ́fíìsì.

Mo ṣí fáìlì náà. Mo wá ibi tí pupa ti bẹ̀rẹ̀. Lókè rẹ̀ gan-an ni ìlà mẹ́rin kan wà tí wọ́n ní àwọ̀ eérú. Mo yọ wọ́n wò. Gbogbo pupa ìsàlẹ̀ pátá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ó yẹ kí n ka ìlà mẹ́rin náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo ka àkọ́kọ́ nínú wọn. Ó jọ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́. Ọkàn mi sọ fún mi pé, "Dúró de Brọ̀dá Sira." Mo wo aago. Mo wo ìlà náà. Mo ní, ṣebí eérú ni, ṣebí ohun tí kọ̀ǹpútà kì í kà ni.

Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ́dítọ̀ yẹn ń parọ́, torí pé pupa rẹ̀ ń bà mí lórúkọ jẹ́. Ọjọ́ tí eérú rẹ̀ sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́, mo gbà á gbọ́ kíá. Ohun tó máa ń dùn mí jù nìyẹn tí mo bá rántí. Kì í ṣe pé n kò mọ̀.

Iṣẹ́ tí ojú kejì ò bá tíì gbà wọlé kò lè hàn lórí screen ńlá. Mo tẹ orúkọ Sirajudeen. Mo tẹ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìlá.

Àwọn àlejò wá, wọ́n wò ó, wọ́n yìn wá. Ọ̀gá Ṣọládé fọwọ́ gbá mi léjìká níwájú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń yìn mí lọ́wọ́ ni Brọ̀dá Sira ti wọlé, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí.

Ó yọ́ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé kò sí nǹkan kan?"

Tí mo bá sọ pé ó wà, á jókòó kà á níwájú àlejò, á sì dá ìlà wọ̀nyẹn padà pẹ̀lú gbogbo pupa wọn.

"Kò sí, Brọ̀dá," ni mo wí.

Wọn kì í po ọṣẹ lópin ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ láti Ìjù bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó jókòó tì mí ni Hàlímọ̀tù, Ìyá Waliyullah, aládùúgbò wa. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti fi ń di ọṣẹ sínú páálí nílé-iṣẹ́ kan náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ìpò, wọ́n sì ti wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun láti ilé.

"Àdìzát, abẹ́ ẹ ni mo ti wá bọ́ sí báyìí o," wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ìwé tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ yẹn máa yé irú èmi báyìí?"

"Á yé yín, mà. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ sáà máa ṣe."

Aago mẹ́sàn-án ò tíì lù tí mo gbọ́ igbe láti yàrá ìpò. Ìlà mẹ́rin tí mo yọ, àwọn ló ń to ohun tí wọ́n máa dà sínú àgbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ò rí wọn mọ́, ó fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn lédè òyìnbó tò wọ́n, bíi rẹ́jísítà ọmọ ilé-ìwé. Ó gbé kọ́sítíìkì sódà tó ń jóni lára ṣíwájú, ó fi omi ṣe ìkẹyìn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú àgbá, kí wọ́n tó máa rọra bu kọ́sítíìkì sí i. Tí ènìyàn bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, yóò hó, yóò sì ta. Ẹni tó máa kọ́ Ìyá Waliyullah lọ́jọ́ yẹn lọ dá ẹ̀rọ dúró ní òdìkejì yàrá. Ìyá Waliyullah nìkan ló dá ka ìwé. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n ṣe. Gíláàsì ààbò wà lójú wọn, ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì tó ta gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ó jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ojú ọ̀tún wọn.

Mo rí wọn bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń da omi sí ojú wọn níwájú ilé. Mo padà sí ọ́fíìsì. Brọ̀dá Sira ti ṣí fáìlì náà. Ó rí ìlà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ iṣẹ́ tí kò rí rí. Ó yí ojú padà, ó wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo lọ jókòó sí àyè mi.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n pè wá síwájú Ọ̀gá Ṣọládé àti àwọn ọ̀gá méjì láti òkè.

"Àdìzát, ìwọ lo yọ àwọn ìlà yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ni ojú kejì?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dáhùn. Mo ní, "Orúkọ Brọ̀dá Sirajudeen ló wà níbẹ̀, sà."

Kò sí irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì, mo ń wò ó láti ibi tí mo dúró sí. Wọ́n bi Brọ̀dá Sira bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó tún wò mí.

"Orúkọ mi ni, sà. Mi ò lóhun tí mo fẹ́ sọ."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi parí ìwádìí. Ó kó ife tíì rẹ̀ àti kúṣọ́ọ̀nù tó ń jókòó lé sínú báàgì. Ìyàwó rẹ̀, Toyibat, wà nínú oyún oṣù méje nígbà náà, mo sì mọ̀.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, mo ra ọsàn, mo lọ kí Ìyá Waliyullah ní ọsibítù. Àwọn ẹbí wọn yí bẹ́ẹ̀dì ká. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ìdajì ojú wọn. Dókítà ti sọ fún wọn pé ojú ọ̀tún yẹn ò ní ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Àdìzát, ìwọ lo wà níbẹ̀," ni Ìyá Waliyullah wí. "Ta ló fọwọ́ sí ìwé yẹn?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi.

"Wọ́n ní Brọ̀dá Sirajudeen ni, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Ọlọ́run. "Bó ṣe sọ ojú mi dà báyìí, ojú tiẹ̀ náà ò ní rí ayọ̀ ọmọ. Ọlọ́run á gbà á lójú ẹ̀."

"Àmín," ni àwọn ẹbí wí. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Waliyullah wo ẹnu mi, ó rí i pé n kò sọ nǹkan kan.

"Àmín," ni mo wí.

Mo fi ọsàn sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọsibítù níbi tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, bóyá ẹ̀ ń sọ pé ṣé n kò lè sáré padà gòkè nígbà náà? Mo lè ṣe é. Àtẹ̀gùn náà ò ju mẹ́rìnlá lọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n fún mi ní lẹ́tà mi. Màmá mi gbé e lé orí, ó fi gbàdúrà fún mi. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe Jímọ̀, wọ́n pè wá fún ìjókòó ìkẹyìn. Brọ̀dá Sira wá láti ilé. Ó ti rù. Gbogbo wa mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni Alhaji Fàlílù, ọ̀gá tó ń mójú tó ààbò nílé-iṣẹ́ wa. Wọ́n gbé ìwé kan sórí tábìlì.

"Agbára ni mo ti lọ gba èyí," ni Alhaji wí. "Ó ń sọ aago tí wọ́n gba iṣẹ́ yẹn wọlé, ó tún ń sọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò. Sirajudeen, Jímọ̀ ọjọ́ náà, aago méjì ku ìṣẹ́jú méjìlá, níbo lo wà?"

Brọ̀dá Sira tẹrí ba.

"Mo ní níbo lo wà?"

"Mọ́ṣáláṣí ni, sà."

"Mo mọ̀. Sáfù kejì lo wà, èjìká ẹ ń kan tèmi. Lèmọ́mù ò tíì sálámà láti parí ìrun. Báwo lo ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó o tún wà nídìí kọ̀ǹpútà Àdìzát?"

Wọ́n yí ojú sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Brọ̀dá Sira nìkan ni kò wò mí, ilẹ̀ ló ń wò.

"Èmi ni mo lo orúkọ wọn, sà. Wọn ò mọ̀ sí i. Wọ́n bi mí nígbà tí wọ́n dé, mo ní kò sí nǹkan kan."

Ẹnu ya Ọ̀gá Ṣọládé. "Kí ló dé tó o ṣe é?"

"Nítorí pupa, sà."

"Pupa wo?"

"Pupa tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí àlejò rí."

N kò sọ ọ́ láti ti ẹ̀bi sí Ọ̀gá Ṣọládé lọ́rùn. Wọn ò mọ ohun tí àwọ̀ náà túmọ̀ sí, èmi mọ̀ ọ́n.

Alhaji Fàlílù bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ká ní o sọ èyí lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, àṣìṣe là bá pè é. Ìwọ àti Sirajudeen ì bá gba lẹ́tà ìkìlọ̀, ó parí. Kí ni a fẹ́ pè é báyìí?"

Wọ́n dá Brọ̀dá Sira padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ìkìlọ̀ nítorí páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Èmi, wọ́n lé mi, wọ́n sì gba káàdì òṣìṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi kí n tó dé géètì.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, mo lọ sí ilé Brọ̀dá Sira ní Ṣàngó. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Toyibat rí mi, ó wọ yàrá lọ, kò kí mi. Brọ̀dá Sira ní kí n dìde, n kò dìde.

"Láti ọjọ́ Ajé yẹn ni mo ti mọ̀," ló wí. "Ta tún ni ì bá jẹ́? Àárọ̀ ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń sọ fún Toyibat pé, 'Òní ló máa sọ̀rọ̀. Mo mọ ọmọ yẹn, òní ló máa sọ̀rọ̀.' Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa tú ẹ fó. Mo fẹ́ kó ti ẹnu ẹ jáde."

Mo sunkún débi pé n kò lè mí dáadáa. Nígbà tí mo rí ohùn, mo sọ ohun tí kò tíì mọ̀ fún un. Mo sọ ti ọsibítù.

"Ìyá Waliyullah ṣépè fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Brọ̀dá."

"Lórí ọmọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wí?"

"Mo ṣàmín."

Ó dìde, ó lọ dúró sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Mo ti forí jì ẹ́ ti iṣẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èyí kọjá agbára mi. Lọ fi ẹnu ara ẹ sọ fún wọn."

Mo padà sí Ìjù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà. Wọ́n ti dá Ìyá Waliyullah sílẹ̀ lọ́sibítù, wọ́n jókòó sí iwájú ilé wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí pupa títí dé orí àmín. Mo ń retí pé wọ́n máa gbá mi létí. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbá mi.

"Sún mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ojú yìí ò ríran jìnnà mọ́."

Mo sún mọ́ wọn. Wọ́n fi ojú kan tó kù wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọjà tí wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ.

"Ọmọ ọlọ́mọ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mo gbé ọ̀rọ̀ burúkú lé ọmọ inú ìyàwó ẹ̀," ni Ìyá Waliyullah wí. "Ìwọ dúró, o ń gbọ́. Dìde. Mú mi lọ síbẹ̀."

"Mà, ara yín ò tíì yá. Èmi ni ó yẹ kí..."

"Mo ní kó o mú mi lọ."

Mo mú wọn lọ. Nígbà tí a fẹ́ sọdá títì ńlá ní Ṣàngó, wọn ò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ọrùn ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú ṣinṣin. Wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà Brọ̀dá Sira.

Bí ó ṣe ṣílẹ̀kùn ni Ìyá Waliyullah kúnlẹ̀. Obìnrin tó lè bí Brọ̀dá Sira lọ́mọ, tí báńdéèjì ṣì wà lójú rẹ̀, kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji òun. Brọ̀dá Sira sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn, ó ń sọ pé, "Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Kò sí èyí tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ ẹnì kejì nínú wọn, àwọn méjèèjì ló wà nílẹ̀. Èmi tí mo ṣe é fún wọn ni mo dúró.

Toyibat jáde láti yàrá, ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn. Ó ran Ìyá Waliyullah lọ́wọ́ títí wọ́n fi dìde. Ìyá Waliyullah ní kó sún mọ́ òun, wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ojú mi rí.

"Àdìzát, mo fẹ́ ṣàdúrà fún ọmọ yìí," ni wọ́n wí. "Ìwọ má ṣàmín sí i."

Wọ́n ṣàdúrà náà, ó gùn. Toyibat ń ṣàmín. Brọ̀dá Sira ń ṣàmín. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo pa ẹnu mi dé títí wọ́n fi ṣe é tán.